Máàkì mélòó ló kù kéèyàn tó yege ní yunifásítì Nẹ́dálándì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ti mọ̀ pé 70 ni A lè rí 7 lórí èsì rẹ̀ ní Nẹ́dálándì, kó rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já A gbà ni. Òṣùwọ̀n méjèèjì ò jọra. Láti 1 dé 10 ni wọ́n ń ka máàkì níbẹ̀. Ẹni tó gba 6 ti yege, 7 dára, 8 dára gan-an, 9 ṣọ̀wọ́n, 10 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń rí i gbà. Wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ fún ìwà kí èèyàn ṣáà ti gba 6, kó sì fọwọ́ lẹ́rán: zesjescultuur.

5.5 ni ààlà. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di odidi, ó di 6, 5.4 di 5, ìyẹn ni pé olúwa rẹ̀ fìdí rẹmi. (Kómà ni wọ́n ń fi sáàárín, 5,5 ni èèyàn máa rí lórí ìwé.) Ìyàtọ̀ kékeré yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, torí pé EC, ìyẹn yúnítì kọ́ọ̀sì, kò ní ìdajì: ẹni tó yege gba gbogbo rẹ̀, ẹni tí kò yege kò gba nǹkan kan. 60 EC ló wà lọ́dún, wákàtí 28 ni wọ́n sì ka ẹyọ kan sí.

Ká wá ṣírò. Ká ní iṣẹ́ àṣetiléwá kó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdánwò àṣekágbá kó 60. Akẹ́kọ̀ọ́ gba 6.8 nínú iṣẹ́ àṣetiléwá. 6.8 lọ́nà 0.4 jẹ́ 2.72, ìyẹn ti wà lápò. Yọ ọ́ nínú 5.5, ó ku 2.78. Fi 0.6 pín 2.78, wàá rí 4.63. Torí náà, 4.7 nínú ìdánwò á gbé e kọjá.

Tó bá jẹ́ 8 ló ń wá ńkọ́? Ìṣirò kan náà máa fún un ní 8.8, òkè ńlá. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń sọ èsì di odidi, 7.5 ti di 8, ìyẹn ni pé 8.0 nínú ìdánwò ti tó. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di odidi kó tó fi oorun du ara rẹ̀.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ló ní òfin pé ìdánwò àṣekágbá fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 5.0 tàbí 5.5 lọ. Níbi tí òfin yẹn bá wà, 4.7 tí a ṣírò lókè yẹn kò wúlò fún nǹkan kan.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú jù ni pé òdo kọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n fi iye máàkì tó wà nílẹ̀ pín iye tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po 9, kí wọ́n wá fi 1 kún un. Ẹni tó gba ìdajì á ní 5.5 géérégé. Ẹni tó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta á ní 7.

Ìdánwò oníyàn-án-nínú-mẹ́rin tún yàtọ̀. Tí ìbéèrè bá jẹ́ 40, èèyàn lè fi ojú dídì mú 10, torí náà wọ́n máa ń yọ 10 yẹn kúrò. 30 tó kù ni wọ́n á máa fi ṣírò. Ẹni tó gba 20 nínú 40 á rò pé òun ti dé ìdajì, 4 ni wọ́n á fún un. 25 ló nílò.

Àtúnṣe ìdánwò wà, herkansing ni wọ́n ń pè é. Níbì kan, máàkì tó ga jù ni wọ́n ń mú. Níbòmíràn, èyí tó gbẹ̀yìn ni, ì báà kéré sí ti tẹ́lẹ̀.