Àlàfo Iwájú Ló Ń Gba Ẹni Lọ́wọ́ Awakọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn

Tí awakọ̀ oníwàdùwàdù kan bá sún mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí lójú ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin gba Sàkétẹ́ àti Pọ̀bẹ́ lọ sí Kétu, iná ni wọ́n máa ń tẹ̀ kí wọ́n lè sá fún un. Àṣìṣe ni, nítorí pé ẹni náà yóò kàn tẹ̀ lé wọn ni, ewu kan náà yóò sì wá máa bá eré tó pọ̀ sí i rìn.

Láàárín ìgbà tí ojú rí ewu àti ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bíréèkì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Awakọ̀ tí ara rẹ̀ jí pépé, tí kò mutí, tí kò sì wo fóònù, yóò lò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dáhùn. Ọkọ̀ tó ń sá eré 90 kìlómítà ní wákàtí kan yóò ti rin mítà 25 kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, yóò sì tún rin bíi mítà 45 lórí ọ̀dà gbígbẹ kó tó dúró. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, ìwọ̀n ọ̀nà tí bíréèkì ń gbà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tó wà ní mítà 10 lẹ́yìn wa yóò gbá wa tí a bá dúró lójijì, bó ti wù kí ó mọ ọkọ̀ wà tó.

Àlàfo tí ẹni yẹn kò fi sílẹ̀, àwa ni a óò fi í sí iwájú tiwa. A óò rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná títí tí a óò fi lè ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin láti ìgbà tí ọkọ̀ iwájú bá kọjá igi kan sí ìgbà tí àwa náà bá dé ibẹ̀. Tí ọkọ̀ iwájú bá wá dúró lójijì, a óò lè rọra tẹ bíréèkì, iná pupa wa yóò sì ti máa kìlọ̀ fún ẹni ẹ̀yìn kó tó pẹ́ jù. Bí àjọ ló rí: àwa nìkan ni a ń dá a, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ewu, àwa àti ẹni tí kò dá nǹkan kan la jọ ń kó o. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá kọ̀ láti dá a nítorí ìbínú, ara rẹ̀ ló fi ń san án.

Lójú ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn tírélà láti èbúté Kútọnu ti ń gba Parakou lọ sí apá àríwá, àlàfo yìí tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ìdí tírélà nìkan ni ẹni tó lẹ̀ mọ́ ọn ń rí. Ẹni tó fà sẹ́yìn ń rí ọkọ̀ tó ń ya ẹlòmíràn sílẹ̀ bọ̀ níwájú, ó sì ráyè dẹ eré, kó fà sí apá ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀, tí ọkọ̀ méjì bá ń sá eré 90 pàdé ara wọn, mítà 50 ni wọ́n ń jẹ kúrò láàárín ara wọn ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Àbùkù ọgbọ́n yìí ni pé àlàfo máa ń pe àwọn ẹlòmíràn wọlé, pàápàá àwọn zémìjàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, nítòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wọ iwájú wa kò lè ná wa ju bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lọ. Tí ogún ọkọ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó dé Kétu, kò tó ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀.