Ta ló rí i pé gáàsì ti ń tán?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwọn òbí: "Àwa kọ́ o. Kí la ní tí a máa fi kẹ́ ọmọ bàjẹ́? Ọmọ olówó nirú ẹ̀ ń ṣe." Ẹ máa gbọ́ ọ nípàdé òbí àti olùkọ́, ẹ máa gbọ́ ọ lóde ìkómọ. Ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó gbé igbá ẹ̀pà kiri látàárọ̀, tó délé lálẹ́ tó tún jókòó ti báàfù, tó ń fọ jíǹsì fún ọmọkùnrin ọdún 22. Ọmọ náà wà ní yàrá, ó ń tẹ fóònù. Igbá ẹ̀pà kì í ṣe ọlá, síbẹ̀ àkẹ́jù kún inú ilé yẹn bámúbámú.

Pé àkẹ́jù ń sọ ọmọ di ẹni tí kò lè dá nǹkan ṣe, a ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti gba ọmọ ọdún 23 síṣẹ́ rí, tí ìyá ọmọ náà wá pè é lórí fóònù pé kó jọ̀ọ́, ọmọ òun ò ní lè wá lónìí, kò nílò àlàyé. Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé owó la máa ń dá lẹ́bi, tí a kì í sì í wo ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ gan-an.

Ní Amẹ́ríkà, David Bredehoft, Jean Illsley Clarke àti Connie Dawson bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ àkẹ́jù ní 1996. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: kí nǹkan pọ̀ jù lọ́wọ́ ọmọ, kí òbí máa bá ọmọ ṣe ohun tí ọmọ lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, kí ilé má ní òfin, tàbí kó ní in kí ẹnikẹ́ni má kà á sí. Ẹ tún un kà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ná ni lówó. Méjì yòókù, ọ̀fẹ́ ni, tálákà lè ṣe wọ́n tẹ́rùn. Lóòótọ́, àwọn àgbàlagbà ni wọ́n bi léèrè bí wọ́n ṣe tọ́ wọn, ọ̀pọ̀ wa kò sì rántí ìgbà èwe wa bó ṣe rí. Nítorí náà, ẹ má gba gbogbo ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́. Ṣùgbọ́n ìpín mẹ́ta yẹn wúlò.

Èyí kejì ni wàhálà wà. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún òbí, èsì tí ẹ máa gbà ni pé, "Ọmọ tèmi kẹ̀? Ó ń ṣiṣẹ́ ilé o! Mo máa ń rán an níṣẹ́ dáadáa." Òótọ́ ni, ó ń rán an. Àmọ́ ọ̀tọ̀ lẹni tí a ń rán níṣẹ́, ọ̀tọ̀ lẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìyàtọ̀ yìí ni kì í fẹ́ yé wa.

Ẹ jẹ́ ká mú sílíńdà gáàsì, kílò 12.5, èyí tó wọ́pọ̀ nílé. Iṣẹ́ mélòó ló wà lára kíkún un? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ rí i pé ó ti ń tán. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá owó ẹ̀ sílẹ̀ kó tó tán. Ẹnì kan á gbé e lọ. Ẹnì kan á dúró ti sìkéèlì níbẹ̀ kí wọ́n má bàa kún un dín. Ẹnì kan á dè é padà, á yẹ ẹnu ẹ̀ wò bóyá ó ń jò. Bó bá sì tán lójijì nígbà tí ẹ̀wà wà lórí iná, ẹnì kan á ru wàhálà ẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́fà nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyá ló ń ṣe mẹ́rin. Gbígbé àti dídúró ti sìkéèlì nìkan ni ti ọmọ. "Owó nìyí, kílò mẹ́fà ni kó o sọ, dúró kó o wo sìkéèlì, má yà síbì kankan o." Ọmọ lọ, ó bọ̀, ó làágùn. Ìyá rí òógùn, ó ní ọmọ òun mọṣẹ́. Èjìká ọmọ ló mọṣẹ́, orí ẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé gbogbo ẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní bí a ṣe ń ṣe é. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ jọ ṣe é. Ẹ fi hàn án bí a ṣe ń da omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sára sílíńdà láti òkè, tí a ó dúró díẹ̀, tí a ó wá fọwọ́ pa á wálẹ̀: ibi tó bá ti tutù ni gáàsì kù dé, nítorí gáàsì tó di omi nínú ẹ̀ ń fa ooru mọ́ra, ibi tó ṣófo kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn ẹ̀ hàn án, èyí tí TW wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìwọ̀n sílíńdà lófìfo nìyẹn. Bí TW bá jẹ́ 13.2, tí sìkéèlì sì ka 15.2, kílò 2 ló kù. Ẹ bá a po ọṣẹ kó hó, kó fi ìfófòó ẹ̀ sí ibi ìdè àti ara rọ́bà. Bó bá ń wú sókè, ó ń jò: kó tì í pa, kó gbé e síta, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan súìtì iná. Kó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tí wọ́n kún un sára ògiri. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, òun fúnra ẹ̀ á mọ iye ọ̀sẹ̀ tí kílò 6 máa ń gbé nílé yín.

Ní oṣù kejì, òun ló ń ṣe é, ẹ̀yin kàn ń béèrè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní oṣù kẹta, ẹ ò ní béèrè mọ́.

Oṣù kẹta yìí ni gbogbo ẹ̀ ti máa ń dàrú. Gáàsì á tán lálẹ́, ẹ̀wà ò tíì rọ̀. Ìyà tó wà níbẹ̀ ò ju pé kí gbogbo ilé mu gàrí sùn, kí ẹni tó pa á tì sì jí lárọ̀ ọjọ́ kejì lọ wá èédú. Ìyá ò ní lè fara dà á. Á ti sáré gbé ìkòkò lọ sórí sítóòfù aládùúgbò, á pariwo fún wákàtí kan gbáko, á wá fi "fi í sílẹ̀, èmi fúnra mi ni màá máa wò ó" kádìí ẹ̀. Ariwo yẹn ò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ohun tó gbà sọ́kàn ni pé bí nǹkan bá ti bàjẹ́, ẹnì kan ń bọ̀ wá tún un ṣe, ẹni náà á kàn bínú díẹ̀ ni. Nítorí náà ni òbí tó le koko, tó ń fi pankẹ́rẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, ṣe lè jẹ́ alákẹ́jù pọ́ńbélé.

Ẹ ṣì ní owó ni? Ẹ wo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ilé kan náà, ìyá kan, owó kan, ìkòkò kan. Ọmọbìnrin ti mọ̀ pé iyọ̀ ti ń lọ sópin látìgbà tó ti wà ní ọdún 12. Ọmọkùnrin pé 24, kò mọ ibi tí iyọ̀ ń gbé. Bó bá jẹ́ pé owó ni, ó yẹ kó ba àwọn méjèèjì jẹ́.

Àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́ mọ àrùn yìí, wọn ò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni. Wọn kì í sábà sọ pé ọmọ náà ń ṣàìgbọ́ràn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Bí mo bá sọ, á ṣe é. Bí mi ò bá sọ, á jókòó." Bébà tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó rí i, ó kọjá. Oníbàárà ò fèsì sí àtẹ̀jíṣẹ́, ó ń dúró dè é di ọjọ́ kẹrin. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Bóyá. Ó jọ pé ẹni tó máa rán an ló ń retí, torí pé ogún ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún 19 ṣe, nígbà tó jẹ́ pé bàbá ẹ̀ ló fi fọ́ọ̀mù JAMB ránṣẹ́, bàbá ẹ̀ ló yan kọ́ọ̀sì, páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì ẹ̀ gan-an sì wà nínú fóònù bàbá? Àwọn òbí kan tiẹ̀ sanwó kí ẹlòmíràn lè bá ọmọ wọn ṣe ìdánwò WAEC. Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń yí ká lórí WhatsApp pé "ìwádìí Harvard" ti fi hàn pé ọmọ tó bá ń fọ abọ́ nílé á di èèyàn ńlá. Ẹ rọra. Ìwádìí Harvard tó bẹ̀rẹ̀ ní 1938, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 268 ni wọ́n kó jọ fún un, ọ̀rọ̀ abọ́ ti kọjá lára wọn nígbà yẹn. Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà ni iṣẹ́ tí George Vaillant àti Caroline Vaillant gbé jáde ní 1981, lórí ọkùnrin 456 tó dàgbà ní àdúgbò àwọn tálákà ní Boston. Wọ́n rí i pé àwọn tó ti mọ iṣẹ́ ṣe láti kékeré ló sàn fún jù nígbà tí wọ́n dàgbà. Àmọ́ kì í ṣe abọ́ nìkan ni wọ́n kà sí iṣẹ́. Iṣẹ́ owó lẹ́yìn ilé ìwé wà níbẹ̀, ìsapá nínú ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, bí ọmọ ṣe ń wá ọgbọ́n sí ohun tó dé bá a náà wà níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ mú abọ́, ó da ìyókù nù. Ṣé iṣẹ́ ló wá sọ àwọn ọmọ náà di ọ̀jáfáfá ni, àbí ọ̀jáfáfá ló máa ń ríṣẹ́ ṣe? Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ò lè ya méjèèjì.

Àwọn ọ̀gá télọ̀ ò dúró de Boston. Ọmọṣẹ́ tuntun á gbálẹ̀, á lọ ra oúnjẹ, á máa tú ohun tí wọ́n rán ṣì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní bébà sìmẹ́ǹtì kó máa gé e kọ́ra, ó pẹ́ kó tó kan ańkárá oníbàárà. Ọjọ́ tó bá gé èjìká kan dín lẹ̀kọ́ ńlá máa ń wáyé: òun ló máa fẹnu ara ẹ̀ sọ fún oníbàárà, òun ló máa wá bí wọ́n á ṣe fi aṣọ mìíràn pa àléébù náà mọ́, ìwọ̀nba tó ń rí sì ni owó ẹ̀ á ti jáde. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá máa ń dé ṣọ́ọ̀bù. Á kúnlẹ̀, á san owó ańkárá yáàdì mẹ́fà, á mú ọmọ lọ sílé nítorí pé ọ̀gá ń fojú burúkú wò ó. Ó di ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ ti wà lọ́dọ̀ agẹrun, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ gbígbá.

"Ẹ fi í lẹ̀, bó bá dé àgùnbánirọ̀, á gbọ́n." Láti 1973 tí wọ́n ti dá NYSC sílẹ̀ la ti ń di ẹrù yìí lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ti àgọ́. Ta ló ń jí wọn níbẹ̀? Fèrè sójà. Ta ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa wọ̀? Sójà. Oúnjẹ wà nílé ìdáná, òmíràn wà ní màámì máàkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń gbowó fọ aṣọ funfun náà wà níbẹ̀. Kí ló wá kù tí ọmọ fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí? Ohun tó lè kọ́ ọ wà lẹ́yìn àgọ́: 77,000 náírà lóṣù, ilé, omi, ọkọ̀. Bí bàbá bá wá ń fi urgent 2k ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, 77,000 yẹn ò lè tán láé, ohun tí kì í tán ò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣọ́ra.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ náà ò yàtọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ọ̀sẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, fún sáà kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kó di ọ̀sẹ̀ méjìméjì, kó tó wá di oṣù. Gàrí àti ìrẹsì á wà nílẹ̀, nítorí náà ebi ò ní pa á kú. Dátà ló máa kọ́kọ́ tán. Owó ilé ìwé àti ti ilé ìwòsàn ò sí nínú ètò yìí. Èyí tó bá yá, kí ẹ yọ ọ́ nínú ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kódà bó bá ń sunkún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tó wà nílé ni àkẹ́bàjẹ́ o. Òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní onílé ò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá ti wá ilé rí mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e, ká má tíì débi àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣàn. Iṣẹ́ ò sì tó. "Ó ti pé 18, kó máa lọ", ìlú òyìnbó la ti gbé ìyẹn wá, agboolé Yorùbá ò ka gbígbé lọ́dọ̀ bàbá sí àbùkù. Ohun tí ẹ máa wò ni ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ilé bàbá yẹn, tí ẹnikẹ́ni kì í rán an létí. Ìwọ̀n tó jẹ́ ti àkẹ́jù àti èyí tó jẹ́ ti ìlú tó le, kò sí sìkéèlì tó lè yà wọ́n.

Ẹ má sì tìtorí èyí lé ọmọ ọdún 20 síta lóru pé kó lọ gbọ́n. Àwọn tó ń dúró de irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níta pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ní láptọ́ọ̀pù. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa gbé: gáàsì ní báyìí, yúníìtì mítà iná lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọmọ ọdún 10 ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sílíńdà. Kó máa rí i pé omi mímu ò tán nínú fíríìjì, ìyẹn tó o. Ẹni tó sì lè da gbogbo ètò yìí rú jù ni ìyá àgbà. Á wá kí yín ní oṣù kẹta gan-an, á rí i pé gáàsì ti fẹ́ tán, á sì rọra fi owó sọ́wọ́ ọmọ ní kọ̀rọ̀. Ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀ kó tó gbé báàgì wọlé.