Ibi Tí Omi Àkùrọ̀ Ti Ń Wá Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ní oṣù kìíní ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí ewé orí òkè ti wọ́, tí ilẹ̀ sì ti là, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ ní agbègbè Ìbàdàn tàbí Ìwó lè fi ọkọ́ gbẹ́ ihò tí kò jìn ju orúnkún lọ, kí omi sì máa sun wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àgbàrá òjò ló ṣàn wá síbẹ̀, tó sì dúró dè wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àgbàrá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò ní pẹ́ tí òjò bá dá tí yóò fi bá odò lọ. Púpọ̀ nínú omi tó ń sun sínú ihò náà jẹ́ òjò oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, èyí tó wọlẹ̀ lórí òkè, tó sì ti ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹni tó bá ti sá aṣọ òfì tútù sórí okùn rí yóò mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Oòrùn kan náà ló ń pa gbogbo ara aṣọ, atẹ́gùn kan náà ló ń fẹ́ ẹ, síbẹ̀ òkè rẹ̀ á ti gbẹ nígbà tí ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ ṣì ń kán tótó, nítorí pé ohun tí òkè ń pàdánù ni ìsàlẹ̀ ń gbà. Ti aṣọ kì í ju wákàtí mélòó kan lọ. Ti ilẹ̀ lè gba oṣù. Omi á sọ̀ kalẹ̀ nínú ilẹ̀ dúdú títí yóò fi kan ilẹ̀pa líle tàbí òkúta tí kò jẹ́ kó ráyè wọlẹ̀ mọ́, á wá yà sí ẹ̀gbẹ́, á máa yọ́ gba àárín hóró ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀.

Ibi tí ilẹ̀ kò ti bá aṣọ mu ló dùn mọ́ni jù. Èèyàn á rò pé bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ilẹ̀ á máa tutù sí i, ṣùgbọ́n ní ẹsẹ̀ òkè, kété kí a tó dé àkùrọ̀, ilẹ̀ oníyanrìn kan wà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ ìlú Apòmù pè, bí wọ́n ṣe fi Ìwó pe ti òkè. Àgbàrá ló wọ́ yanrìn náà jọ síbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Àlàfo àárín hóró rẹ̀ fẹ̀, omi kì í sì pẹ́ nínú rẹ̀. Bí òjò bá dá nínú oṣù kẹjọ, àgbàdo ibẹ̀ á ti máa ká ewé nígbà tí ti orí òkè, tí ilẹ̀ rẹ̀ ní amọ̀ díẹ̀, ṣì ń tutù yọ̀yọ̀. Bu yanrìn náà sọ́wọ́, yóò dà láàárín ìka. Rìn síwájú díẹ̀, bu ti àkùrọ̀, fi ọwọ́ fún un, yóò di ìṣù.

Irú ìyàtọ̀ báyìí kò hàn láti ojú òfurufú. Sátẹ́láìtì SMAP tí NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé lọ sójú òfurufú ní ọdún 2015 ń wọn ọ̀rinrin ilẹ̀ káàkiri ayé, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 tó wà lókè pátápátá ló ń rí, ẹyọ ojú kan nínú àwòrán rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bí 40 kìlómítà. Òkè àti àkùrọ̀ àìmọye ló ti pò pọ̀ sínú ojú kan yẹn.

Bí a bá ṣán gbogbo orí òkè, tí a da kọnkéré sí i, òjò tó yẹ kó wọlẹ̀ á di àgbàrá. Àkùrọ̀ á kún àkúnya ní oṣù kẹsàn-án, á sì gbẹ ní oṣù kìíní. Àkùrọ̀ yìí náà ni wọ́n á wá máa gbẹ́ jìn sí i, títí ihò tí kò ju orúnkún lọ tẹ́lẹ̀ á fi mu àgbẹ̀ dé èjìká, nígbà tó jẹ́ pé orí òkè ni omi kò ti ráyè wọlẹ̀.