Páànù tí wọ́n ń jù nù lẹ́yìn páàdì bíréèkì

Ẹni tó bá ti pààrọ̀ páàdì bíréèkì rí ní Abẹ́òkúta á mọ ọ̀rọ̀ yìí: "Ẹ fi páànù yẹn sílẹ̀, kò wúlò." Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn páàdì ni wọ́n ń sọ, tí wọ́n ń pè ní ṣíìmù. Mẹkáníìkì á yọ ọ́ sọnù, á ti páàdì tuntun wọlé. Tó bá ṣe díẹ̀, bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, wọ́n á ní ayédèrú páàdì ni wọ́n tà fọ́lọ́kọ̀.

Páàdì náà lè jẹ́ ojúlówó. Nígbà tó bá fún dísìkì (irin róbótó tó ń bá táyà yí) mọ́ra, òun àti kálípà (irin tó gbé páàdì dání) lè máa gbọ̀n ju ìgbà 1,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbígbọ̀n yẹn ló ń han létí wa. Bí a bá lu agogo tí a sì fọwọ́ gbá a mú, ohùn rẹ̀ á kú. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni ṣíìmù ń ṣe láàárín páàdì àti písítìnì, irin inú kálípà tó ń ti páàdì. Irin pẹlẹbẹ ni ṣíìmù, wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà bò ó, rọ́bà yẹn ló ń gba gbígbọ̀n mọ́ra.

Ẹ mú èyí tó ti gbó lọ́wọ́, kí ẹ wò ó. Rọ́bà dúdú rẹ̀ á ti bó níbi tí písítìnì ti ń tì í, ìpẹtà á ti jẹ etí rẹ̀, èékánná kéékèèké tó fi di páàdì mú á ti tẹ̀ tàbí kó ti kán. Kò sí òòlù tó lè dá rọ́bà yẹn padà. Tuntun ni kí ẹ rà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn tó ń ta ọ́ìlì sójú páàdì kí ariwo lè dákẹ́. Á dákẹ́ lóòótọ́, bíréèkì náà ò sì ní mú mọ́. Nínú ìlú olókè bíi tiwa, tí ọkọ̀ ń dà gẹ̀rẹ́ láti apá Olúmọ wọ Ìtòkú, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń ta àdìrẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dán an wò. Páàdì tó bá ti mu ọ́ìlì, ẹ jù ú nù.

Gírísì bíréèkì tó ń fara da ooru wà. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n fi pa ẹ̀yìn ṣíìmù àti etí páàdì méjèèjì, kó má kan ojú tó ń fún dísìkì. Gírísì lásán máa ń mú kí rọ́bà kálípà wú. Kí wọ́n wo pín tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ti gan, ṣíìmù tuntun ò lè gbà yín. Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lẹ́sẹ̀, torí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lè lọ lásán.

Ariwo òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò, tó dákẹ́ lẹ́yìn ìtẹ̀ mélòó kan, ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ ojú dísìkì ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ páàdì ní irin kékeré tí wọ́n dìídì fi sí i kó máa ha dísìkì tí páàdì bá ku nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3. Ìkìlọ̀ nìyẹn, páàdì ló fẹ́ tán.

Tí ẹ bá ń ra páàdì, ẹ tú páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Òmíràn ti ní ṣíìmù lẹ́yìn láti ilé iṣẹ́, òmíràn wà lọ́tọ̀ nínú páálí. Èyí tí kò bá ní rárá, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní èyí tó bá ọkọ̀ yín mu.