Ta ló kọ́ ẹ̀rọ ìgbì òkun ní sùúrù?

Bí ẹ bá bi àwọn Gẹ̀ẹ́sì léèrè ibi tí ọgbọ́n dídarí ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì òkun ṣe iná mànàmáná ti ṣẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ Salter, ẹ̀rọ ìgbì tí Stephen Salter ṣe ní Edinburgh nílẹ̀ Scotland, ni wọ́n máa tọ́ka sí. Trondheim ní ilẹ̀ Nọ́wè lèmi máa tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ ká tibi jíjìn bọ̀. Ní 1799, ní Paris, bàbá kan àtọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ Girard gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ kan. Wọ́n fẹ́ so ọ̀pá gígùn mọ́ ọkọ̀ ojú omi ńlá, kí ọ̀pá náà máa wa ẹ̀rọ ìlagi àti ọlọ bí ìgbì bá ṣe ń gbé ọkọ̀ náà lọ sókè sódò. Ṣé wọ́n rò ó pé wọ́n á darí rẹ̀? Mo ti rò ó títí. Ẹni tó bá ti wo ọkọ̀ tó ń mì ní èbúté mọ̀ pé ìgbì kan kì í dọ́gba pẹ̀lú èkejì, kò sì jọ lójú mi pé ọmọ yẹn kò bi bàbá rẹ̀ pé, "Bí èyí tó tóbi bá dé ńkọ́?" Bóyá wọ́n ti ní in lọ́kàn láti fi géńdé kan ti ọ̀pá náà, kó máa dì í mú, kó máa tú u sílẹ̀. Àbá tèmi nìyẹn o.

Ní àwọn ọdún 1870, J. M. Courtenay ṣe àgbá aléfòó tó ń fọn fèrè lójú òkun Amẹ́ríkà: ìgbì ń ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, fèrè ń ké, awakọ̀ á sì mọ̀ pé ewu wà nítòsí. Nígbà tó yá, Yoshio Masuda ní Jàpáánù fi irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tan iná atọ́nà ọkọ̀. Gbogbo ìyẹn dára, àmọ́ ohun tí ìgbì bá ti fún wọn ni wọ́n ń gbà.

Ọ̀rọ̀ náà "ìgbì" fúnra rẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, inú "gbì", ìró ohun wíwúwo tó balẹ̀, ló ti jáde. Etí àwọn bàbá wa gbọ́ ìlù omi. Àlàfo tó wà láàárín ìlù kan sí èkejì kò ní orúkọ. Inú àlàfo yẹn gan-an ni owó wà.

Àwọn tó rí i ni Kjell Budal àti Johannes Falnes, onímọ̀ físíìsì méjì ní Trondheim, lẹ́yìn tí epo rọ̀bì gbówó lórí ní 1973. Àgbá kékeré aléfòó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe iná máa ń tètè mì. Ìgbì ńlá lè lo ìṣẹ́jú àáyá 8 sí 12 kó tó yí po. Bí a bá fi àgbá náà sílẹ̀, á kàn máa bá omi gòkè, á máa bá a sọ̀ bí èèpo ẹ̀pà, ìwọ̀nba agbára táṣẹ́rẹ́ ló sì máa rí mú. Ẹ rántí jangilọ́fà: ẹni tó ti ọmọ nígbà tí ọmọ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ńṣe ló ń dá a dúró. Wọ́n ní kí bíréèkì di àgbá mú lókè téńté, kí omi kọ́kọ́ fà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ká tó tú u kó já wálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Bó bá dé ìsàlẹ̀, ẹ tún dì í mú títí omi á fi kún, kí ẹ tó tú u sókè. Òyìnbó ń pè é ní latching, láti ara ìkọ́ tí wọ́n fi ń há ilẹ̀kùn. Dì-í-mú-tú-u lèmi ń pè é. Ibi tó ti le ni pé o gbọ́dọ̀ mọ ìgbì tó ń bọ̀ kó tó dé. Ní 1983 wọ́n dán an wò nínú omi Trondheim, pẹ̀lú àgbá kékeré.

Stephen Salter ní Edinburgh? Ọ̀jọ̀gbọ́n ni lóòótọ́ nígbà ayé rẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ ti 1974 sì gbayì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbé jáde ní Edinburgh ni pé kí ẹ̀rọ máa dá díẹ̀ padà fún òkun lára agbára tó ti gbà, kí ìrìn rẹ̀ lè bá ti ìgbì mu. Lórí ìwé, kò sí ohun tó dáa tó o. Nínú irin àti òróró, àdánù ibẹ̀ pọ̀. Bíréèkì lásán ni ti Budal! Àwọn kan sọ pé Michael French, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Lancaster nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ronú kan dì-í-mú-tú-u ní 1979. Ẹ̀yìn àwọn ará Trondheim ló dé.

Ìyókù kò gùn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fawọ́ owó ìwádìí ìgbì òkun sẹ́yìn ní 1982, Budal kú ní 1989, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ náà: wọ́n ń fojú ìṣirò wo ìgbì tó ń bọ̀, ní Nantes nílẹ̀ Faransé, ní Maynooth nílẹ̀ Ireland. Ní 2023, ilé iṣẹ́ CorPower ti Swídìn gbé àgbá kan sí Aguçadoura ní Pọtogí. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń mú kó máa mì pẹ̀lú ìgbì lọ́jọ́ tí òkun bá rọ̀, ó sì ń mú kó jẹ́ kí ìgbì kọjá lára rẹ̀ nígbà ìjì. Ìgbì tó ga ní mítà 18.5 lù ú, kò fọ́. Orúkọ ẹ̀rọ inú náà ni WaveSpring. Yunifásítì tó ti jáde wá wà ní Trondheim.