PRES: nígbà tí ọpọlọ bá ń sun omi bí amù

Ká ní obìnrin kan bímọ l'Ẹ́bùúté Mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, orí ń fọ́ ọ, ó ní òun ò rí ojú ọmọ òun dáadáa. Kò pẹ́, gìrì mú un. Ìyá ọkọ ti ń béèrè ẹni tó ń wo wárápá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó lè jẹ́ PRES (posterior reversible encephalopathy syndrome), wíwú ọpọlọ tó sábà máa ń rọlẹ̀ tí wọ́n bá tètè tọ́jú ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí ẹ̀ jù, títí kan ti aboyún àti abiyamọ tuntun. Àrùn kíndìnrín náà ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oògùn kan bíi cyclosporine, tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, bí amù ṣe ń sun omi láìfọ́. Apá ẹ̀yìn ọpọlọ, lọ́wọ́ ìpàkọ́, ló máa ń rin jù. Ibẹ̀ náà sì ni ọpọlọ ti ń mọ ohun tí ojú wò. Ìdí nìyẹn tí ẹyinjú lè dá ṣáká kí èèyàn má sì ríran.

Lórí àwòrán CT, èyí tí wọ́n ń fi ìtànṣán X-ray yà, ó lè má hàn rárá. MRI, èyí tí wọ́n ń fi agbára òòfà yà, ló ń fi í hàn yékéyéké: nínú èyí tí wọ́n ń pè ní FLAIR, ibi tí omi rin á funfun bí ẹfun, lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ náà ń funfun níbẹ̀! Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á wá wo àwòrán ADC, tó ń fi bí omi ṣe ń rìn hàn. Tó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀ tuntun, sẹ́ẹ̀lì ti mu omi yó, omi há sínú ẹ̀, ADC á dúdú. Ní ti PRES, àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì lomi wà, ó ń rìn fàlàlà, ADC á mọ́lẹ̀. Ara ọpọlọ tó rin ṣì wà láàyè.

Ọdún 1996 ni dókítà Hinchey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ̀wé nípa aláìsàn 15 tó ní in. Látìgbà náà, wọ́n ti rí i pé ó lè kan iwájú ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ lè dà síbẹ̀, àwọn kan kì í sì í bọ́ tán.

Owó MRI kì í ṣe kékeré l'Ékòó, ṣùgbọ́n ìtọ́jú abiyamọ tí gìrì mú kì í dúró de àwòrán. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate tó ń dá gìrì dúró àti oògùn tó ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un. Tí wọ́n bá tún àwòrán yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, funfun yẹn sábà máa ń ti lọ.