Ṣé iná elésè àlùkò nìkan ni ọ̀gbìn inú ilé lè fi dàgbà?

Àbúrò mi obìnrin kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ife kéékèèké méjìlá ló tò sórí tábìlì, èhù tòmátò kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ife kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn rí hẹ́gẹ́hẹ́gẹ́, ara wọn ti ṣá, ọ̀pá wọn tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, wọ́n sì ti ṣubú lu ara wọn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní iná lásán kì í mú ọ̀gbìn dàgbà. Mo fẹ́ lọ ra èyí tó máa ń tàn bí àwọ̀ àlùkò yẹn." Mo bi í pé níbo ni iná tó ń lò báyìí wà. Ó ní ó wà lókè àjà, níbi tí iná máa ń wà.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kò sí ohun tó ṣe iná rẹ̀. Ó kàn jìnnà jù ni.

Ìgbàgbọ́ pé ọ̀pá iná fluorescent, irú èyí tó wà ní ọ́fíìsì àti kíláàsì, kò wúlò fún ewéko ti ta gbòǹgbò gan-an. Wọ́n á ní àfi kéèyàn ra iná àkànṣe elésè àlùkò, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irúgbìn inú ilé kò ní gbó. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, torí ó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn pa gbígbin nǹkan tì, nígbà tó jẹ́ pé pákó díẹ̀, ẹ̀wọ̀n díẹ̀ àti ọ̀pá iná méjì ni wọn ì bá fi ṣe é láàárín ọ̀sán ọjọ́ kan.

Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ náà ṣàdédé jáde. Ní ọdún 1882, Theodor Engelmann, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ òṣùmàrè, ó sì jẹ́ kí àwọn àwọ̀ náà tò lé ewéko omi kan tó rí bí fọ́nrán. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó máa ń wá ọ́síjìn kiri wà nínú omi ọ̀hún. Nígbà tó yẹ̀ wọ́n wò, ó rí i pé ibi tí àwọ̀ pupa bọ́ sí àti ibi tí àwọ̀ búlúù bọ́ sí ni wọ́n rọ́ jọ sí jù, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ni ewéko náà ti ń tú ọ́síjìn jáde jù. Òótọ́ ni. Ewé fẹ́ràn pupa àti búlúù. Ibi tí àwọn èèyàn ti ṣìnà ni pé wọ́n gbọ́ "fẹ́ràn jù", wọ́n wá kà á sí "òun nìkan". Bí wọ́n ṣe po pupa mọ́ búlúù nìyẹn, ó di elésè àlùkò, wọ́n sì ní ìyókù jẹ́ ìfiṣòfò.

Ṣùgbọ́n ìyókù náà kò ṣòfò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Keith McCree mú ewé irúgbìn oko oríṣi 22, ó ń tan àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí wọn, ó sì ń wọn bí wọ́n ṣe ń fi í dáná oúnjẹ wọn tó. Àwọ̀ ewé, èyí tí gbogbo èèyàn ní ewé ń dá padà, ṣe iṣẹ́ tó dáa gan-an nínú ìwádìí náà. Díẹ̀ ni ewé ń dá padà nínú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ń wọlé, ó tilẹ̀ ń wọnú ewé jìnnà ju pupa àti búlúù lọ, torí ìpele òkè ewé kì í tètè gbé e mì. Òun náà jẹ́ oúnjẹ.

Kí ló wá wà nínú ọ̀pá iná lásán? Mẹ́kúrì díẹ̀ tó ti di oru ló wà nínú rẹ̀. Tí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, mẹ́kúrì náà á tú ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tí ojú wa kò lè rí sílẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi kun inú gíláàsì náà ló ń gba ìmọ́lẹ̀ yìí, tó ń sọ ọ́ di èyí tí ojú ń rí. Àpòpọ̀ búlúù, àwọ̀ ewé àti pupa ni ohun tí a ń pè ní funfun lára ọ̀pá iná. Gbogbo ohun tí ewé ń wá ti wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 6500K sí lára ní búlúù púpọ̀, èyí tí wọ́n kọ 3000K sí sì ní pupa díẹ̀ sí i. Èmi máa ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ rí, ẹ lò ó. Èhù kò ní kú nítorí ìyẹn.

Ohun tó ń pa èhù ni ọ̀nà jíjìn, ojú wa ló sì ń tàn wá jẹ. Tá a bá wọnú yàrá tí iná ń tàn, ẹyin ojú wa á ṣí sílẹ̀ sí i títí ohun gbogbo yóò fi mọ́ kedere, a ó sì ní yàrá náà mọ́lẹ̀. Ewé kò ní ẹyin ojú tí yóò ṣí. Iye ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ lé e lórí ló mọ̀. Ní ìta gbangba, tí oòrùn bá mú dáadáa, ìmọ́lẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 100,000 lux, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí nǹkan ṣe pọ̀ tó. Ní ọ́fíìsì tí a kà sí pé ó mọ́lẹ̀ rekete, kò ju nǹkan bí 500 lọ. Ẹ gbé ọ̀pá iná méjì tó gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà kọ́ sókè àjà, ohun tí yóò dé orí tábìlì nísàlẹ̀ lè má ju ọgọ́rùn-ún lux mélòó kan lọ. Ẹ sọ ọ̀pá méjì kan náà kalẹ̀ títí yóò fi ku fífẹ̀ ìka mẹ́rin sí ewé, ó di ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Iná kan náà, àwọ̀ kan náà, owó iná kan náà.

Ewéko tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó máa ń na ọrùn bí ọmọdé tó wà lẹ́yìn èrò tó fẹ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú. Gbogbo agbára rẹ̀ ló ń ná sórí gígùn, kò ní kó èyíkéyìí jọ sára ọ̀pá. Ohun tó ṣe tòmátò àbúrò mi nìyẹn. Ká ní ó ra iná elésè àlùkò, tó sì gbé òun náà kọ́ sókè àjà, wọn ì bá tún ṣubú.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pá fluorescent ti ní ọlá. Gílóòbù àtijọ́ tó ní wáyà inú ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ di ooru, kò ṣeé sún mọ́ ewé rárá. Ọ̀pá fluorescent kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín sí ibi tí orí èhù yóò wà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ó rọ ewé lọ́rùn. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé T lára ọ̀pá ń sọ bó ṣe nípọn tó: àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ T5 alágbára ló máa ń gbóná ju T8 àti T12 lọ, ẹ fi àyè díẹ̀ sí i fún wọn.

Kíkàn án kò le. Pákó méjì dúró lápá ọ̀tún àti òsì, ọ̀kan dábùú lókè, ó rí bí igi gbọ́ọ̀lù kékeré. Ẹ fi ẹ̀wọ̀n méjì àti ìkọ́ gbé iná náà kọ́ sára igi ìdábùú. Ẹ̀wọ̀n ló dáa ju okùn lọ, nítorí òrùka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n tí ẹ lè máa fi gbé iná sókè bí èhù ṣe ń ga. Ẹ kun pákó tó wà lẹ́yìn ọ̀pá iná ní funfun tí kò dán, yóò máa da ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sókè padà sísàlẹ̀. Ọ̀pá méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn máa tó fún àwo ìgbìn tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà létí á máa tẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀.

Ti wáyà ni mi ò ní fi ṣeré. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, omi àti iná mànàmáná sì ni a fẹ́ kó sójú kan yìí. Ṣóòkù tó ń darí ọ̀pá iná gbọ́dọ̀ bá wáàtì ọ̀pá náà mu, torí láìsí i, iná tó ń gba inú ọ̀pá kọjá á máa pọ̀ sí i títí yóò fi jó. Ẹ so wáyà ilẹ̀ mọ́ ara irin iná náà. Ẹ jẹ́ kí okùn iná rọ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀ níbi tó ti rọ̀, kó má baà wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá mọ wáyà, kó ra iná tí wọ́n ti so tán, kó fi pákó àti ẹ̀wọ̀n nìkan ṣe tirẹ̀. Kò dín iṣẹ́ náà kù.

Wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́ tó fún èhù. Àwọn kan ń fi iná sílẹ̀ tọ̀sán-tòru pé kí ó lè yá. Tòmátò kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, ewé rẹ̀ á máa pọ́n, á sì bàjẹ́. Láti ọdún 1920 tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Garner àti Allard, ti ṣiṣẹ́ lórí tábà ní Amẹ́ríkà ni a ti mọ̀ pé gígùn òru àti ọ̀sán ló ń sọ fún ọ̀pọ̀ ewéko ìgbà tó yẹ kó tanná. Ẹ fi táímà sí i, kẹ́ ẹ sì fi ọkàn balẹ̀. Ọ̀pá 32 wáàtì méjì fún wákàtí 16 ń jẹ nǹkan bíi yúnìtì iná kan.

Mi ò sọ pé iná elésè àlùkò kò ṣiṣẹ́ o. Ó ń ṣiṣẹ́. "Nìkan" ni irọ́ inú ọ̀rọ̀ náà. Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ràn nípa rẹ̀: lábẹ́ àwọ̀ yẹn, ewé máa ń dúdú lójú ẹni, tí ó bá ń pọ́n tàbí tí kòkòrò bá bà lé e, èèyàn kì í tètè rí i. Bákan náà, ọ̀pá fluorescent méjì kò lè gbé tòmátò títí yóò fi so dáadáa, ìyẹn ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Èhù àti ẹ̀fọ́ ewé ni agbára rẹ̀ ká.

Tí ẹnu ọ̀pá bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń dín kù tipẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Tó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a nítorí mẹ́kúrì inú rẹ̀, májèlé ni. Páálí líle ni kẹ́ ẹ fi kó o, kẹ́ ẹ fi pépà tútù nu ìyókù. Mẹ́kúrì yìí náà ló fà á tí àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi fòfin de títà T5 àti T8 tuntun ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ọ̀pá LED ló ń rọ́pò wọn. Funfun lásán ni púpọ̀ nínú wọn, bí a ṣe ń gbé fluorescent kọ́ náà la ó ṣe gbé wọn kọ́, àmọ́ kẹ́ ẹ wo ara páálí rẹ̀ bóyá ó bá ṣóòkù mu tàbí ó fẹ́ kí ẹ yọ ṣóòkù kúrò.

Àbúrò mi fi ẹ̀wọ̀n sọ iná rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Èyí tó ti gùn kò padà kúrú, ṣùgbọ́n mo ní kó má dà wọ́n nù: ọ̀pá tòmátò tí a bá rì mọ́lẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò. Ó lọ́ wọn sínú ife tó jìn, ó bo ọ̀pá wọn títí ó fi ku díẹ̀ kó dé ewé. Ó tún gbin méjìlá mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn èhù tuntun náà kúrú, wọ́n ki, ewé wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀pá iná. Mo ní kó gbé e sókè ní òrùka kan.